Mo fọwọ́ ara mi tún mọ́tò ṣe, ó wá ń rùn: kí ló ń jóná níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo ń wà, ọ́ìlì ń jò lára tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ẹ̀, ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, owó tí mẹkáníìkì pè fún mi pọ̀ jù, ni mo bá ra gáskẹ́ẹ̀tì, ròbà tó ń dí etí kọ́fà yẹn, mo wo fídíò, mo sì ṣe é fúnra mi nílé wa níbí ní Ayétòrò, l'Óṣogbo, ní Sátidé. Mọ́tò stáàtì dáadáa o. Àmọ́ tí mo bá ti dé abẹ́ fláíófà Ọláìyá tí gósíló bẹ̀rẹ̀, òórùn kan á kàn gba inú mọ́tò kan, bíi pé ẹnì kan ń fi òróró àná dín àkàrà. Tí mo bá wá bọ́ sí ọ̀nà Gbọ̀ngán tí mo tẹ iná, mi ò ní gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Kí ni mo bàjẹ́?

Ìdáhùn: O lè má tíì ba nǹkan kan jẹ́, àbúrò. Òórùn tí kò sí lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá yọjú lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn tó o tú nǹkan ní Sátidé, ibi tó o tú yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má tíì lọ máa fura sí gíà.

Nígbà tó o ṣí kọ́fà yẹn, ó dájú pé ọ́ìlì díẹ̀ ro sílẹ̀. Orí sàlẹ́ńsà ló máa ń ro sí, níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì gan-an, ẹ̀yìn ni tìẹ sì wà, lápá ibi tí gíláàsì iwájú wà, kì í ṣe lápá rédíétọ̀. Ojú kì í sábà débẹ̀. Irin yẹn máa ń gbóná ju agbada alákàrà lọ, torí náà dídín gan-an ló ń dín ọ́ìlì yẹn, o ò purọ́. Abẹ́ wáípà, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Tó o bá ń sáré, atẹ́gùn á gbá èéfín náà gba abẹ́ mọ́tò lọ, tó o bá wá dúró ní Ọláìyá, á rọra gòkè wá, fáànù á sì fà á lé ẹ lórí.

Tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya mọ́tò sí, tí ọfà ń yí nínú ẹ̀. Tí òórùn bá dín kù, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Tí kò bá dín kù rárá, wo inú mọ́tò fúnra ẹ̀, títí kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló máa lọ? Ìyàwó mi ò fẹ́ wọ mọ́tò yẹn mọ́.

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ èyí tó ro sílẹ̀ nìkan ni, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó o bá fi wà á dáadáa ó máa jó tán, ojoojúmọ́ lá sì máa dín kù. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan tí kò dín, ó ń jò nìyẹn.

Bó o ṣe máa mọ̀ rèé. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn mọ́jú kó tutù, fi àkísà nu etí kọ́fà yẹn yíká títí á fi gbẹ, má fi bẹntiróòlù nù ún o, mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí wọn ló ń bá wọn ṣe é. Wà á lọ sí Òkè-Fìà kó o padà, pa á, jẹ́ kó tún tutù. Wá ká tíṣù funfun sórí ìka, fi tọ abẹ́ etí kọ́fà láti igun dé igun, pàápàá lẹ́yìn. Ibi tí tíṣù bá ti dúdú ni kó o ti wá a.

Mo fẹ́ kó o wo igun méjì tó wà lápá ibi tí fáànù bẹ́líìtì wà, níbi tí kọ́fà táímìn, ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù ẹ́ńjìnnì bíńtín síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé e, àwọn oní-fídíò sì máa ń fò ó. Bóòtì ibẹ̀ náà ńkọ́? Sípánà 10 ló ń tú u, kékeré ni, kì í ṣe nọ́ọ̀tì táyà, tó o bá fún un jù, gáskẹ́ẹ̀tì á bẹ́ jáde tàbí kí bóòtì kán sínú ẹ́ńjìnnì, ìgbà yẹn lo máa wá mọ owó tó pọ̀. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tún un yí ká.

Kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fi àkísà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rí, a ń lọ sí Ìkìrun, òórùn bíi mátírẹ́ẹ̀sì tó ń jóná dé, ìyàwó mi ní wọ́n ń sun ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A kọjá abúlé àkọ́kọ́, wọ́n ń sun ilẹ̀, ìkejì, wọ́n ń sun ilẹ̀, nígbà tó di ìkẹta ló wò mí lójú pé "Bàbá Àyọ̀, ṣé gbogbo ọ̀nà Ìkìrun ló ń sun ilẹ̀ lónìí ni?" Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdajì àkísà ló kù.

Ìbéèrè: Tó bá wá jẹ́ pé òórùn mìíràn ni ńkọ́?

Ìdáhùn: Òórùn bẹntiróòlù nìkan ni mi ò ní kó o fi ṣeré. Tó o bá kan hósì epo tàbí fíltà, tó o wá ń gbóòórùn epo, má stáàtì ẹ̀ rárá, klíìpù tàbí ròbà kan ni kò jókòó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ròbà tó ń jóná sábà máa ń jẹ́ fáànù bẹ́líìtì tí ọ́ìlì ta sí tó ń yọ̀. Ẹyin tó ti bàjẹ́ lè jẹ́ bátìrì tó ń hó, ní kí rewáyà fi mítà wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó bá ti kọjá 15 fóòlìtì, kò dáa. Páàdì bréékì tuntun náà máa ń rùn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ tí wíìlì kan ṣoṣo bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bréékì ẹ̀ ló ń há. Kúláǹtì máa ń rùn dídùndídùn, bíi omi ṣúgà tó gbóná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa níbí omi kànga là ń bù sí rédíétọ̀, o ò lè gbóòórùn ohun tó ò rà. Ìpẹtà lo máa rí.

Ìbéèrè: Ṣé mo ṣì lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ òórùn ọ́ìlì lásán, tí ọ́ìlì kò ro sílẹ̀, tí ọ̀pá gééjì ọ́ìlì sì fi hàn pé kò dín kù, máa wà á. Ṣí fèrèsé. Tí èéfín bá pọ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pa ẹ́ńjìnnì. Tó o bá rí iná, gbogbo yín ẹ bọ́ sílẹ̀ ẹ sún sẹ́yìn, má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbayawu, afẹ́fẹ́ tó máa wọlé ló máa mú kó ràn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi tíṣù tọ́ ọ. Ẹ̀yìn gbẹ, igun apá fáànù bẹ́líìtì ló dúdú. Mi ò fi gọ́ọ̀mù síbẹ̀ lóòótọ́, ẹni inú fídíò yẹn ò fi síbẹ̀.

Ìdáhùn: Tú u padà ní Sátidé, nu ibẹ̀ kó gbẹ, fi gọ́ọ̀mù tó tó orí ìka ọmọdé sí igun méjèèjì. Kà á wò lórí páálí ẹ̀ iye wákàtí tó máa fi gbẹ kó o tó stáàtì. Kó o sì ka àkísà ẹ kó o tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.