Wíwọn họ́mọ́nù másùnmáwo lára ẹranko ìwádìí

Họ́mọ́nù másùnmáwo ni èyí tí ara ẹranko máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù, ìrora, ebi tàbí ìnira mìíràn bá dé bá a. Àwọn onímọ̀ máa ń wọ̀n ọ́n láti mọ bí oògùn, oúnjẹ tàbí ibùgbé kan ṣe ń ni ẹranko lára tó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, eku funfun irú Wistar ni wọ́n sábà ń lò fún ìwádìí lórí ara ẹranko, ACUREC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú àti lílo ẹranko fún ìwádìí, ló sì ń yẹ ètò ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àyà eku bá já, abala ọpọlọ tí à ń pè ní hypothalamus á tú họ́mọ́nù kan tó ń jẹ́ CRH jáde. CRH á mú kí pituitary, ẹṣẹ́ (gland) kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tú họ́mọ́nù mìíràn, ACTH, sínú ẹ̀jẹ̀, ACTH á sì mú kí ẹṣẹ́ méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ṣe corticosterone, tí í ṣe họ́mọ́nù másùnmáwo eku. Lára eku àti adìẹ, corticosterone yìí ni à ń wá. Lára ajá, ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀bọ àti ẹja àrọ̀, cortisol ni, bíi ti ènìyàn. Ẹni tó bá lo èròjà àyẹ̀wò cortisol fún ẹ̀jẹ̀ eku lè rí nọ́ńbà kà, àmọ́ nọ́ńbà náà kò ṣeé gbára lé.

Àkókò gbígba ẹ̀jẹ̀

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé mímú eku lásán, ìnira ni fún un. Bí ìṣẹ́jú 3 bá fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kan àgò rẹ̀, corticosterone á ti máa gòkè, á sì dé téńté láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ìgbà tí ọwọ́ bá kan àgò ni wọ́n ti ń ka aago, kì í ṣe ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọ ìrù. Bí eku 5 bá wà nínú àgò kan, ìkarùn-ún kò lè rí bí èkíní, torí ó ti mọ̀ pé wọ́n ń kó àwọn ẹgbẹ́ òun lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń kọ ipò tí wọ́n mú eku sí, bóyá èkíní tàbí ìkarùn-ún, sára ike ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ether tí wọ́n fi ń kun eku lóorun tún máa ń dá kún ọ̀rọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń gbé họ́mọ́nù náà sókè.

Òru ni eku ń jẹ̀, nítorí náà corticosterone rẹ̀ máa ń kéré láàárọ̀, á sì pọ̀ bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ẹ̀jẹ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ṣeé fi wé ti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan, ìyẹn sì jẹ́ ìrọ̀rùn fún ilé eku tó gbára lé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún eku lè ṣa ìgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ ti fọ́ họ́mọ́nù náà sí wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò

Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ló gbé RIA, ọ̀nà àyẹ̀wò họ́mọ́nù tó ń lo èròjà onítànṣán, kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yalow gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1977. ELISA, ọ̀nà àyẹ̀wò mìíràn tó jáde lọ́dún 1971, kò nílò èròjà onítànṣán, ó sì rọrùn jù fún yàrá àyẹ̀wò kékeré. Nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò fún corticosterone, bí àwọ̀ yẹ́lò bá ṣe pọ̀ tó ni họ́mọ́nù ṣe kéré tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sábà máa ń kà á sódì.

Corticosterone tó pọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àmì ìyà: eré sísá àti kí akọ gun abo náà ń gbé e sókè. Ìnira ọlọ́jọ́ pípẹ́ ẹ̀wẹ̀ lè má hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín àti thymus, ẹ̀yà ara inú àyà tó ń bá ara gbógun ti àrùn, lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn ikú eku. Hans Selye, onímọ̀ tó ṣe ìwádìí lórí másùnmáwo, ti kọ ọ́ lọ́dún 1936 pé nígbà ìnira, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń wú, thymus ń súnkì, egbò sì ń yọ nínú ikùn.