Ilé Ìwòsàn LAUTECH, Òṣogbo

Ilé Ìwòsàn LAUTECH ni orúkọ tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń jẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN). Kò sẹ́ni tó wó ilé náà. Orúkọ ló kúrò lára pátákó.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni orúkọ ọ̀hún ti wá: ìkékúrú Ladoke Akintola University of Technology ni LAUTECH. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, 1991, ìjọba ológun Ibrahim Babangida yọ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, fásitì kan ṣoṣo sì di ti ìpínlẹ̀ méjì. Wọ́n fi sọrí Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ṣọ́jà pa ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 1966. Ọgbà àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣogbo ni wọ́n gbé ẹ̀ka ìṣègùn sí, ibẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀lé dókítà àgbà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

Àjọní náà kò rọgbọ. Ta ni yóò san owó oṣù, ta ni yóò yan alákòóso? Lọ́dún 2016, ìyanṣẹ́lódì ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀yọ́ tún ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ń jẹ́ LAUTECH, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní wọ́n gbé ìyá òun lọ sí LAUTECH gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìlú kún un, kí ẹbí má baà gbé oúnjẹ aláìsàn gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ní oṣù Kọkànlá, 2020, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó fásitì kéde pé ìpínlẹ̀ méjèèjì ti pínyà: Ọ̀yọ́ mú fásitì, Ọ̀ṣun mú ẹ̀ka ìṣègùn tó wà ní Òṣogbo. UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló wá gba ilé ìwòsàn náà.

Àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú ìpínyà ṣì ń gbé orúkọ àtijọ́ kiri nínú ìwé-ẹ̀rí wọn. Òṣogbo kì í sáà fi ti pátákó ṣe lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ilé ìwòsàn Kátólíìkì tí ìjọ fi orúkọ Màríà Mímọ́ ti Fátímà sọ, Jáléyẹmí, orúkọ àdúgbò, ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orin ìyìn Ọ̀ṣun, òrìṣà odò, tí wọ́n ń kọ nílùú náà kò tilẹ̀ dárúkọ ilé ìwòsàn kankan: omi ṣẹ̀lẹ̀rú àti àgbàrá ló pè ní àgbo tí Ọ̀ṣun fi ń wẹ ọmọ rẹ̀ kí dókítà tó dé.