Òǹtẹ̀ Ara Páìpù: Kí Gan-an Ló Ń Jẹ́rìí Sí?

Nígbà tí onílé kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin, pè mí pé kí n wá wo omi ilé òun, ìwé àyẹ̀wò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti bu omi lẹ́nu bọ̀rẹ̀hóòlù rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára fún mímu; síbẹ̀, omi tí ó ń jáde nínú ilé ìdáná láàárọ̀ máa ń dà bí irin lẹ́nu. Mo bu tèmi lọ́tọ̀: ìgò kan lẹ́nu bọ̀rẹ̀hóòlù, ìgò kan lẹ́nu táàpù ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i ní òwúrọ̀. Ti bọ̀rẹ̀hóòlù kò ní àléébù kankan. Òjé tí ó wà nínú ti ilé ìdáná kọjá 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan, èyí tí NIS 554, ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà, fi ṣe òdiwọ̀n. Omi kan náà ni o. Ọ̀nà tí ó gbà dé inú ife ni ó yí i padà.

Adùn irin tí ó ń dà á láàmú yẹn kì í sì í ṣe ti òjé, nítorí òjé kò ní adùn, kò ní òórùn, kì í sì í pa àwọ̀ omi dà. Páìpù onírin àtijọ́ kan tí ó ń dípẹtà nínú ògiri ni ó mú kí ó ké sí mi. Bí kì í bá ṣe ti ìpẹtà yẹn ni, wọn ì bá máa mu ún lọ láìfura.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè pé níbo ni òjé ti rí ọ̀nà wọ inú omi. Idẹ ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ táàpù, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tí ń rọ ọ́ ti ń po òjé mọ́ idẹ kí ó lè rọrùn fún ẹ̀rọ láti gé. Nínú páìpù oníke tí a ń pè ní PVC, èròjà olójèé ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò tẹ́lẹ̀ kí ooru má baà ba ike náà jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Àwọn ti Yúróòpù jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2015, wọ́n sì fi èyí tí a fi kálísíọ̀mù àti síńkì ṣe rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí ó bá kan díẹ̀, ìyẹn tí ó ní ásíìdì, ni ó máa ń jẹ nǹkan wọ̀nyí jù, pàápàá bí ó bá sùn sínú páìpù mọ́jú. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé sì ń bá jà jù lọ. Ẹ má sì rò pé sísè omi yóò ràn yín lọ́wọ́: kòkòrò ni iná ń pa; òjé kì í bá oru lọ, inú omi tí ó ṣẹ́kù ni yóò wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ìwé ẹ̀rí nìyí. Ẹ má ṣe wá nọ́ńbà NAFDAC lára páìpù. Omi inú ọ̀rá àti ti inú ìgò ni ti NAFDAC. Àjọ SON, tí ń ṣètò ìlànà ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà, ni ó ń mójú tó páìpù, táàpù àti tánkì: èyí tí a ṣe nílé gbọ́dọ̀ ní àmì MANCAP, èyí tí ó bá ti òkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé SONCAP lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o wá. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ọjà bá ìlànà tí a kọ fún irú rẹ̀ mu, kò sì lè sọ ju ohun tí ìlànà yẹn béèrè lọ. Pé páìpù lágbára, pé kò ní bẹ́ nígbà tí a bá tan pọ́m̀pù, ẹ̀rí kan nìyẹn. Pé kò ní tu ohunkóhun sínú omi, ẹ̀rí mìíràn ni, àyẹ̀wò rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ìlànà tí a mọ̀ jù fún ẹ̀rí kejì yìí ni NSF/ANSI 61, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988. Wọn a gba àkọsílẹ̀ gbogbo èròjà tí ilé iṣẹ́ pò pọ̀. Wọn a wá rọ omi tí wọ́n dìídì pèsè sínú ọjà náà, wọn a jẹ́ kí ó jókòó, wọn a dà á nù, wọn a tún rọ òmíràn. Ti táàpù máa ń gba ọjọ́ 19, omi a sì máa sùn sínú rẹ̀ bí ó ti ń sùn nínú ilé wa. Omi tí ó bá jáde ni wọ́n ń wọ̀n. Òjé tí wọ́n fi àyè gbà fún táàpù ilé jẹ́ máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù) 5 tẹ́lẹ̀, ó di 1 láti ọdún 2024. Lẹ́yìn ìyẹn, olùbẹ̀wò a máa yọjú sí ilé iṣẹ́ náà láìsọ tẹ́lẹ̀.

Èyí ni mo fi dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Taiwo. “Àlájì, ojúlówó ni, ẹ wo ara páálí rẹ̀,” ni ìyá ọlọ́jà wí fún mi, kò sì parọ́ ní tirẹ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé táàpù náà “bá NSF/ANSI 61 mu”. Ẹni tí ó ṣe é ni ó kọ ọ́, ẹlẹ́mu kì í sì í sọ pé ẹmu òun kan. Ohun tí à ń wá ni òǹtẹ̀ ẹlòmíràn, bí ti àwọn àjọ tí ń yẹ ọjà wò: NSF fúnra rẹ̀, UL tàbí IAPMO, tí orúkọ ọjà náà àti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì wà nínú àkójọ tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ní ilé ìrọ méjì, tí ọ̀kan ṣoṣo gba òǹtẹ̀, táàpù tí ó ti inú èkejì jáde kò ní ẹ̀rí kankan.

Ẹ ṣọ́ra fún “lead free” (ìyẹn “kò ní òjé”) náà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1986 gbà kí a kọ ọ́ sára táàpù tí òjé inú rẹ̀ tó ìdá 8 nínú 100. Ọjọ́ 4 oṣù Kíní ọdún 2014 ni ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 0.25 níbi tí omi ti ń fara kàn án. Ọjà àtijọ́ tí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún kò sì ṣàjèjì ní ọjà wa.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ jẹ́ kí omi tí ó sùn sínú páìpù ṣàn dànù fún ìṣẹ́jú mélòó kan láàárọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe àlùwàlá àsùbáà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, bí ó bá jẹ́ pé táàpù ilé ìdáná gan-an ni ó lò. Ti ilé ìwẹ̀ kò fọ páìpù ilé ìdáná.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, ìgò mẹ́ta ni kí ẹ bù, kì í ṣe ọ̀kan: ẹnu bọ̀rẹ̀hóòlù, àkọ́bù òwúrọ̀ lẹ́nu táàpù tí kò ju ife kan lọ, àti ti ẹnu táàpù kan náà lẹ́yìn tí omi bá ti ṣàn dáadáa. Bí òjé bá wà nínú àkọ́bù nìkan, táàpù tàbí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó pààrọ̀. Bí ó bá tún wà nínú ìgò kẹta, ẹ ní láti padà sẹ́yìn, sí páìpù inú ògiri àti sí tánkì. Ní Tanke, ìgò kẹta tí a bù lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́ mọ́. Táàpù kan ṣoṣo ni pulọ́mbà tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, a sì fi páìpù tí ń dípẹtà sílẹ̀ de ìgbà tí owó bá wà.