Igún dà lórí páànù ilé ìpẹran wa?

Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mò ń ṣe n'Ílọrin níbí o, kílẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń dé ilé ìpẹran láti yẹ màlúù wò, nígbà tí mo sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò lè débẹ̀ kí n má bá igún tó tò sórí páànù bí àwọn àgbààgbà tó ń dúró de ìpàdé, alápatà á kàn ju àjákù ìfun sílẹ̀, gbàù, wọ́n ti gbé e. Ní báyìí, ajá ló kù síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olórí àwọn alápatà bi mí pé, "Dókítà, àbí igún náà ti jápa ni?" Mo ní, Alhaji, ibi tí wọ́n lọ yẹn, wọn kì í ti ibẹ̀ bọ̀.

Èyí tó máa ń bá wa gbé láàrin ìlú yẹn, tórí ẹ̀ pá tó pupa rẹ́súrẹ́sú, Hooded Vulture lòyìnbó ń pè é, ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkójọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Bó ṣe ń bímọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹyin 1 péré ló ń yé, á sàba lé e bí ọ̀sẹ̀ 7, ọmọ á tún jókòó sínú ìtẹ́ bí oṣù 3 sí 4 kó tó fò, akọ àtabo ló sì jọ ń wá oúnjẹ fún un, torí náà tẹ́ ẹ bá pa ẹyọ kan, ẹ ti pa ọmọ ọdún yẹn mọ́ ọn.

Ta ló ń pa wọ́n? Àwa náà ni. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, àmọ́ ẹ yà sí ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà kẹ́ ẹ wo orí igún gbígbẹ. Ní Guinea-Bissau, nígbà tí ọdún 2020 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, igún tó ju 2,000 lọ ló jẹ májèlé kú, wọ́n sì bá òmíràn tí wọ́n ti gé orí ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Íńdíà, torí nínú igún ẹ̀yìn-funfun 1,000 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní lọ́dún 1992, bóyá ló ku 1 nígbà tó fi di 2007. Wọ́n wá ìdí ẹ̀ títí, 2004 ni ayé tó mọ̀ pé diclofenac ni, oògùn ara ríro táwa náà ń lò yẹn. Wọ́n á gún un fún màlúù, màlúù á kú, igún á jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á daṣẹ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá la inú ẹ̀, ohun funfun bí ẹfun lẹ máa rí tó bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Lọ́dún 2006 ni Íńdíà, Nepal àti Pàkísítàn fòfin dè é fún ẹran. Nepal tiẹ̀ ṣe èyí tó dùn mọ́ mi, wọ́n ṣí búkà fún igún! Màlúù tó ti darúgbó ni wọ́n ń tọ́jú láìfún un ní oògùn yẹn títí á fi kú fúnra ẹ̀, wọ́n á wá gbé e sí gbangba fún wọn. Igún ibẹ̀ ti ń pọ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Íńdíà nìyẹn, oògùn yìí ń pa igún ẹ̀yìn-funfun ti Áfíríkà náà, ọkùnrin kan sì fa màlúù wá bá mi lọ́jọ́sí, òun fúnra ẹ̀ ti gún un ní diclofenac tó rà ní kẹ́míìsì. Ẹ ní kí dókítà yín fún un ní meloxicam, oògùn ara ríro mìíràn, ìyẹn kì í pa igún. Èyí tó bá gba abẹ́rẹ́ diclofenac tó kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń da òtápíápíá sórí òkú ewúrẹ́ nítorí ajá, ẹ jọ̀ọ́, igún ló ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Igi ńlá ni wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí, a sì ń gé e fún ṣọ́ọ̀bù. Alhaji ní àràbà kan ṣì wà lẹ́yìn ilé bàbá òun ní Ọ̀fà, ìtẹ́ kan wà lókè téńté, àwọn àbúrò ẹ̀ fẹ́ gé e lóṣù tó ń bọ̀, ó ti ní kí wọ́n dúró ná. Mi ò tíì rí i, ó lè jẹ́ tàwòdì. Sátidé la jọ ń lọ wò ó.