Bí Rédíò Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀ Ṣe Lè Gba Orin Láti Inú Fóònù

Rédíò tó bá Camry 2004 dé láti òkè òkun kò mọ ohun tó ń jẹ́ Bluetooth. Ó mọ FM, ó mọ kásẹ́ẹ̀tì, ó mọ sídì, ó tán. Ọkọ̀ náà ṣì ń sáré dáadáa láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Làfẹ́nwá nílùú Abẹ́òkúta, àwọn sípíkà rẹ̀ ṣì ń dún ketekete, ṣùgbọ́n orin, ìwàásù àti ewì tí ọlọ́kọ̀ fẹ́ gbọ́ ti kó sínú fóònù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àfi kí wọ́n hú rédíò yẹn dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yéni ni pé rédíò àtijọ́ náà kò ní yí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n máa fi há àárín òun àti fóònù. Ẹ̀rọ yìí á gba orin lọ́wọ́ fóònù, á sì gbé e gba ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí rédíò ti ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló sábà máa ń wà: ẹ́ríà, ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, ihò AUX, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn rédíò. Rédíò kan lè ní gbogbo wọn, òmíràn lè má ní ju méjì lọ. Bí orin bá ṣe súnmọ́ áńpù (apá rédíò tó ń sọ ohùn di ńlá) tó nígbà tó ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á ṣe mọ́ tó. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn tí rédíò tirẹ̀ ní, kò sẹ́ni tó lè ta ọjà tí kò wúlò fún un.

Bluetooth fúnra rẹ̀, rédíò kékeré ni. Ọdún 1994 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ nílé iṣẹ́ Ericsson ní Sweden, orúkọ ọba Denmark kan láyé àtijọ́, Harald Bluetooth, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Orí ìgbì 2.4 GHz ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí Wi-Fi náà ti ń ná ọjà tirẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n pín ibẹ̀ sí ọ̀nà 79, Bluetooth sì ń fò láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù àti ẹ̀rọ inú ọkọ̀ jọ ń fò pọ̀ ni, bí oníjó méjì tó ń tẹ̀lé ìlù kan náà. Síso wọ́n pọ̀ tí èèyàn ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n á fi máa dá ara wọn mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kàn ṣí ọkọ̀ ni, wọ́n á ti rí ara wọn.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe nínú ọkọ̀. Ti orin ń jẹ́ A2DP: orin ń ti inú fóònù lọ sínú ọkọ̀ láìpadà sẹ́yìn, tọ̀tún tòsì. Ti ìpè ń jẹ́ HFP: ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un mọ́ra, kò sì sí pé ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyẹn ló ń fa á tí orin á máa dún bí ẹni pé olórin jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tí ìpè á wá wọlé, ohùn ẹni tó pè á sì dà bí ohùn ẹni tó ki orí bọ agolo. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Kí ẹni tó ń rajà kàn wo ara páálí bóyá iṣẹ́ méjèèjì ló wà níbẹ̀, nítorí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ò ní ju ti orin lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ríà, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nígboro. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ ihò tí wọ́n ṣe fún ìtanná sìgá, ibẹ̀ ló ti ń gba iná. Bó bá ti gba orin lọ́wọ́ fóònù, ó di ilé iṣẹ́ rédíò kékeré: ó ń gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ lórí FM, pẹ̀lú agbára tí kò ju kó dé ẹ́ríà ọkọ̀ náà lọ. Awakọ̀ á wá yí rédíò sí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn, orin á sì wọlé. Kò sí pé wọ́n ń tú ohunkóhun, kò sí wáyà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣófo. FM bẹ̀rẹ̀ láti 87.5, ó parí sí 108. OGBC wà lórí 90.5, Paramount wà lórí 94.5, Rockcity wà lórí 101.9, Sweet FM wà lórí 107.1, àwọn mìíràn sì tún wà láàárín wọn. Ìwà FM ni pé bí ohùn méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan, èyí tó lágbára máa ń gbé èkejì mì káló ni. Ẹ̀rọ tó ń gba iná nínú ihò sìgá kò lè bá ilé iṣẹ́ rédíò figa gbága. Nọ́ńbà tó ṣófo ló gbọ́dọ̀ wá, kó má sì sí alágbára kankan tó fara tì í.

Ìlú orí àpáta sì tún ni. Nọ́ńbà tó dákẹ́ rọ́rọ́ nísàlẹ̀ Làfẹ́nwá, lẹ́bàá odò Ògùn, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha ṣààà nígbà tí ọkọ̀ bá gun òkè lọ sí Òkè Mọ̀sàn, nítorí ibi gíga ni ìgbì tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ ti ń ríbi wọlé. Bí ọkọ̀ náà bá wá forí lé Èkó, tó gba Ìfọ̀ kọjá, kó tó dé Sángo, nọ́ńbà tó ṣófo láàárọ̀ á ti ní onílé. Orin á máa lọ, ẹnìkan á kàn já wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tó dára jù ni pé kí èèyàn yọ ẹ̀rọ náà kúrò, kó dúró síbi tó ga, kó máa yí rédíò díẹ̀díẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí nǹkan kan lórí wọn ju ariwo ṣààà lọ. Kí ọ̀kan wà fún ìgboro, kí ọ̀kan wà fún ọ̀nà Èkó. Ẹni tó bá dán an wò nísàlẹ̀ nìkan, ara rẹ̀ ló tàn jẹ.

Ibi tí rédíò ti wá tún ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rédíò Amẹ́ríkà kì í dúró lórí 88.2 tàbí 88.4, láti 88.1 ló ń fò sí 88.3, nítorí náà nọ́ńbà tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ti Jàpáànù le jù bẹ́ẹ̀. FM tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 76, rédíò àtijọ́ wọn sì máa ń parí sí 90. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ ò lè gbọ́ OGBC rárá, gbogbo àyè tó sì kù fún òun àti ẹ̀rọ náà láti pàdé kò ju láti 87.5 sí 90 lọ.

Ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ ìbátan èyí, tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Wọ́n ń yọ wáyà ẹ́ríà lẹ́yìn rédíò, wọ́n á fi àpótí kékeré kan sáàárín. Bí wọ́n bá tan án, ó ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìgbì ìta, orin fóònù nìkan ni á máa gba inú wáyà wọlé. Kò sẹ́ni tí yóò já wọ inú rẹ̀ mọ́. Ó sàn ju ti ihò sìgá lọ fíìfíì, àmọ́ ohùn FM náà ṣì ni.

Kásẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí kò ní téèpù nínú. Òòfà kékeré kan ló wà níbi tó kọjú sí orí tí rédíò fi ń ka téèpù. Orin tó bá wọ inú òòfà yìí, orí rédíò á kà á bí ẹni pé téèpù ló ń yí. Bí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bá ṣì ń gbé e mì tó ń pọ̀ ọ́, eyín inú kásẹ́ẹ̀tì náà ló sábà máa ń ti gbó.

Ihò AUX ni kí èèyàn máa gbàdúrà kó bá. Ihò róbótó kékeré tí ẹnu wáyà etí fóònù ń wọ̀ ni, ó sì wà lára Camry 2007 tí wọ́n ń pè ní Muscle, ó wà lára Corolla 2009 náà. Àìmọye ọlọ́kọ̀ ló ti wà lórí ìjókòó fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí ẹ̀bá ibi jíà tàbí inú àpótí ìfapálé ló máa ń sá sí. Ẹ̀rọ tó ń gba Bluetooth fún irú ihò yìí kò tóbi ju ìka méjì lọ. Orin kò gba afẹ́fẹ́ FM kọjá mọ́, ẹnu ọ̀nà áńpù ló ń dé tààrà. Kí wọ́n gbé ohùn fóònù sókè dáadáa, kí wọ́n wá máa fi ti rédíò dín in kù. Bí ti fóònù bá wà nísàlẹ̀ tí wọ́n wá ń fipá yí ti rédíò sókè, ariwo ṣààà ni wọ́n ń sọ di ńlá.

Ibi AUX yìí ni àìsàn kan ti máa ń yọjú. Bí ẹ̀rọ Bluetooth bá ń gba iná láti ihò sìgá, tí wáyà rẹ̀ sì wọ AUX, ohùn kan á máa hó bí yànmùyánmú, á máa ga sí i bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ tìrótù. Ọ̀tẹ́nétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ni wọ́n ń gbọ́ yẹn. Iná tó ń wọlé láti ihò sìgá àti èyí tó wà nínú rédíò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ débi ẹsẹ̀ bátìrì, ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń kó ariwo wọnú orin. Ọ̀pọ̀ á ti pààrọ̀ sípíkà kí wọ́n tó mọ̀. Ohun tó ń wò ó sàn ni àpótí kóńkóló kan tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà AUX. Wáyà wíwé méjì-méjì tí wọn ò fara kan ara wọn ló wà nínú rẹ̀. Orin ń fi òòfà kọjá láti ọ̀kan sí èkejì, ariwo ò sì rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ilẹ̀kùn kẹrin ló dára jù fún ọkọ̀ tí kò ní AUX, òun náà ni wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láyé tí sídì lòde, àwọn kan máa ń fi àpótí tó ń gba sídì mẹ́fà sí búùtù. Rédíò Toyota ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó ń fi bá àpótí náà sọ̀rọ̀ ní èdè kan tó ń jẹ́ AVC-LAN. Bí wọ́n bá ṣí ọkọ̀, rédíò á béèrè pé, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀rọ Bluetooth tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ á dáhùn pé, èmi àpótí sídì ni. Rédíò á gbà á gbọ́, á ṣí ilẹ̀kùn fún un, orin fóònù á sì máa wọlé bí ẹni pé sídì ló ń yí. Bọ́tìnì ara rédíò á tún lè máa fo orin síwájú, sẹ́yìn.

Fífi sí i kò gba ju wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Sípánà nọ́ńbà 10 ni wọ́n á kọ́kọ́ fi tú ẹsẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Wọ́n á rọra fa ọ̀ṣọ́ iwájú dáṣíbọọ̀dù, á ta pá pá bí àwọn ìkọ́ rẹ̀ ṣe ń já, bóòtù mẹ́rin nọ́ńbà 10 kan náà á yọjú, wọ́n á tú wọn, rédíò á sì jáde. Irú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni Toyota lò, èyí tó tóbi fún àwọn ọkọ̀ tó pẹ́, èyí tó kéré fún àwọn tó tẹ̀lé wọn, nítorí náà kí wọ́n wo ẹ̀yìn rédíò kí wọ́n tó sanwó. Honda ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí iná bá ti já lára bátìrì, rédíò rẹ̀ lè kọ CODE kó sì ya odi. Kí wọ́n ti mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ń ṣí i sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípánà.

Lọ́dọ̀ rewáyà, ohun tí èèyàn sábà máa ń gbọ́ ni, “Alhaji, ẹ jẹ́ ká kàn yọ ọ́, ká fi Android sí i.” Kò burú, ojú rẹ̀ tóbi, ó ń fi àwòrán ọ̀nà hàn, àwọn kan nínú wọn sì ń gba CarPlay àti Android Auto, tó ń gbé ohun inú fóònù sójú rédíò. Ohun tó ń dunni ni páláyà. Wọ́n á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ ṣe dànù, wọ́n á lọ́ wáyà mọ́ra, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e. Láti ọjọ́ yẹn, rédíò tó bá ọkọ̀ wá kò tún ní ibi tó máa wọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà kan wà tí wọ́n ń tà, tí ẹnu rẹ̀ kan bá sọ́kẹ́ẹ̀tì Toyota mu, tí ẹnu kejì jẹ́ ti rédíò tuntun. Kí ọlọ́kọ̀ béèrè fún un, kó sì dúró tì wọ́n.

Wáyà méjì tó ń gbé iná ló yẹ kó fojú sí. Lára Toyota, aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ló ń gbé iná ní gbogbo ìgbà. Eléérú ló ń gbé iná nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bíráùn ni ti ilẹ̀. Lára rédíò tuntun, yẹ́lò ni ti àkọ́kọ́, pupa ni ti èkejì, dúdú ni ti ilẹ̀. Bí wọ́n bá so pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ búlúù, rédíò ò ní sùn, bátìrì á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́ bí kò bá lágbára. Bí wọ́n bá gbé wọn fún ara wọn, gbogbo nọ́ńbà tí rédíò ti mọ̀ ló máa gbàgbé nígbàkígbà tí wọ́n bá pa ọkọ̀.

Ó ku maikí. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kò fẹ́ fóònù lọ́wọ́ awakọ̀, ìpè tó bá sì pọn dandan, ibi tí wọ́n páàkì sí ló yẹ ẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró náà fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Maikí ẹ̀rọ tó wà nínú ihò sìgá wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ibi tí atẹ́gùn AC ti ń jáde, atẹ́gùn yẹn lẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ á máa gbọ́. Èyí tó bá ní maikí oníwáyà, kí wọ́n gbé e gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sókè, nítòsí orí awakọ̀, kí ó jìnnà sí ẹnu AC.

Kí wọ́n tó dá bóòtù padà, kí wọ́n so bátìrì, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n gbọ́ orin láti inú sípíkà kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n yọjú wo iná kékeré ara ẹ̀rọ náà. Bó bá ṣì ń tàn, kí wọ́n má tíì san owó iṣẹ́ tán.