Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu Mae West jáde?

Bí ẹ bá dárúkọ Mae West, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́, irun rẹ̀ tó ń dán bíi góòlù ló máa kọ́kọ́ wí, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn tó ń fà tìì bí oyin. Wọ́n á ní arẹwà kan lásán ni, tí Hollywood ṣà ní ìgboro, tí àwọn ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í kọ wá ń fi ẹ̀fẹ̀ sí i lẹ́nu. Irọ́ ni. Nígbà tí Mae West dé Hollywood lọ́dún 1932, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ eré tó kọ fúnra rẹ̀ sì ti gorí ìtàgé. Ọjọ́ orí tí wọ́n máa ń ní kí òṣèrébìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyá ọkọ nínú eré ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sinimá.

Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1893. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni bàbá rẹ̀, Battlin' Jack ni wọ́n ń pè é. Kékeré ni ọmọ náà ti gorí ìtàgé, ilé-ìwé tó sì lọ jù ni vaudeville, eré àṣekiri ayé ọjọ́un: olórin á ṣe tirẹ̀ tán, onídán á bọ́ síta, aláwàdà á tẹ̀lé e, kí gbogbo wọn tó di ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn èrò ibẹ̀ kò ní sùúrù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín kíákíá, wọ́n á hó lé ọ lórí. Ibẹ̀ ló ti mọ bí a ṣe ń wọn ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń dákẹ́ fẹ́ẹ́ kí a tó sọ èyí tó máa mú kí èèyàn di ikùn mú.

Lọ́dún 1926, ó gbé eré kan tó pè ní Sex jáde ní New York. Jane Mast ni orúkọ tó fi kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Margy LaMont, aṣẹ́wó tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. (Ká má parọ́: ìwé eré ẹlòmíràn ló wà nílẹ̀ tó tú palẹ̀ tó sì tún un kọ. Onítọ̀hún pè é lẹ́jọ́, kò jàre.) Àwọn oníwèé ìròyìn bú eré náà títí, èrò kò dá. Ìgbà 375 ni wọ́n ṣe é.

Ibí yìí ni irọ́ mìíràn ti wọlé. Wọ́n ní torí pé ó bọ́ra sílẹ̀ lórí ìtàgé ni wọ́n ṣe sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kò bọ́ra o. Oṣù kejì ọdún 1927 ni ọlọ́pàá ya wọ ilé eré náà, lẹ́yìn tí eré ti ń lọ fún oṣù mẹ́sàn-án, bí ẹni pé oorun ni wọ́n ń sùn látọjọ́ yìí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé eré rẹ̀ jẹ́ ti ìṣekúṣe, ó sì ń ba ìwà àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ọ̀pọ̀ òpìtàn tíátà gbà pé eré mìíràn tó ń mú bọ̀, The Drag, tó dá lórí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ló tilẹ̀ bí àwọn aláṣẹ nínú. Wọn kò fẹ́ kó dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńláńlá ní New York, kò sì dé ibẹ̀. Adájọ́ ní kó ṣe ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10, kó sì san owó ìtanràn 500 dọ́là. Ọjọ́ 8 ló lò, wọ́n yọ ìyókù nítorí ìwà rere. Ohun tó kọ sínú ìwé ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Ọdún tó tẹ̀lé e ló kọ Diamond Lil, eré nípa obìnrin olórin kan ní àdúgbò Bowery ní New York àtijọ́. Eré yìí gan-an ni wọ́n sọ di fíìmù She Done Him Wrong lọ́dún 1933, tó wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti du àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tó dára jù. Kó tó dìgbà náà, wọ́n ti fún un ní ipa kékeré kan nínú fíìmù Night After Night. Kò gba ìwé eré náà bó ṣe wà. Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa sọ kọ. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn àlejò rí ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, á rí báyìí: “Olúwa mi o, dáyámọ́ńdì yìí mà dára o!” Mae West dáhùn pé: “Olúwa kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.” Ìyẹn nìkan, ó sì gba fíìmù náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Pọ́n-na ni àwọn olùkọ́ èdè wa ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ olójú méjì. Nígbà tí wọ́n wá fi ọwọ́ líle mú òfin ìwà nínú fíìmù lọ́dún 1934, tí ìgbìmọ̀ kan ń ka gbogbo ìwé eré kí wọ́n tó yà á, pọ́n-na yìí ló ń fi mú wọn. Ohun tó wà nínú ìwé kò ní àbùkù. Ohùn, ojú àti ìdákẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ tún sọ pé òun máa ń ki àwọn ọ̀rọ̀ tó burú jáì bọ inú ìwé, kí ìgbìmọ̀ lè rí nǹkan gé, kí ojú wọn sì fo èyí tí òun fẹ́ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe òǹkọ̀wé?

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti rédíò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1937, ó ṣe Éfà nínú eré kékeré kan nípa Ádámù àti Éfà lórí NBC. Ariwo sọ. Àwọn oníjọ bínú, iléeṣẹ́ rédíò náà kò sì jẹ́ kí a gbóhùn rẹ̀ níbẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Arch Oboler ló kọ eré yẹn. Ẹyọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, òun ló wá jẹ gbèsè rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irọ́ tó wà nílẹ̀ ni ẹlòmíràn pa mọ́ ọn o. Òun náà máa ń sọ pé òun ni òun ṣàwárí Cary Grant, gbajúmọ̀ òṣèrékùnrin tó bá a ṣe She Done Him Wrong. Cary Grant ti ṣe fíìmù bíi mélòó kan lọ́dún 1932, ọ̀kan pẹ̀lú Marlene Dietrich, kó tó bá a ṣeré.

Àwọn kan tún rò pé iṣẹ́ rẹ̀ parí nígbà tí sinimá kò fi bẹ́ẹ̀ pè é mọ́. Orí ìtàgé tó ti wá ló padà sí. Ó gbé Catherine Was Great jáde ní Broadway lọ́dún 1944, ó tún gbé Diamond Lil lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kó àwọn géńdé ọkùnrin alágbára jọ sórí ìtàgé Las Vegas lọ́dún 1954, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lọ́dún 1970 tí wọ́n pè é wá ṣe Myra Breckinridge, ó tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ bó ṣe ń ṣe látijọ́.

Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn ni Sextette, tó jáde lọ́dún 1978, ọdún méjì kó tó kú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyàwó ọ̀ṣìngín ló sì ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í dúró sí i lórí mọ́, ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré kan pamọ́ sábẹ́ wíìgì rẹ̀ kí olùdarí eré lè máa sọ fún un ohun tó kàn. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Wọn kì í rántí sọ pé inú eré tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1961 ni wọ́n ti mú fíìmù náà jáde.