Ẹ Bá Dísù Lójú Oorun

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí èmi àti Alhaja dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta píkọ́ọ̀pù náà lẹ́bàá Ṣágámù. Alhaja ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó bá a kó pákó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ti sú u, ó fẹ́ ní tirẹ̀. Hilux onídísù ni. Ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú minimini, ọ̀gbẹ́ni tó sì ń tà á ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó kí i tán. Mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

"Ẹ ti tan án lónìí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àná la tan án kẹ́yìn."

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo sọ fún Alhaja pé ká máa lọ, a ó padà lọ́la láago márùn-ún ààbọ̀. Inú bí i. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, gbogbo ọ̀nà tá a rìn yìí náà, ẹ ò tiẹ̀ ní í gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Èyí tá a máa gbọ́ yẹn, wọ́n ti kọ́ ọ lórin kí a tó dé."

Dísù kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì máa ń fún pọ̀ nínú sìlíńdà títí yóò fi gbóná janjan, tí dísù bá sì ti tú sí i, ó gbiná fúnra ẹ̀. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po 10 tàbí kó lé díẹ̀. Ti dísù sábà wà láàárín ìlọ́po 15 sí 22. Gbogbo agbára ẹ̀ wà nínú fífún yẹn. Tí ríìngì tó yí písítìnì ká bá ti jẹ, tí fáfù kò sì dé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ ń jò nìyẹn, ooru ò sì ní í pé. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, irin á wú díẹ̀, àlàfo á dín, ooru ara irin á ran ti afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì tó ti ń kú lọ á jí bí ọmọ ogún ọdún. Ìdí tí ẹni tó ń tà á fi máa ń jí tan án kí ẹ tó dé nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí onídísù bá ń ṣagídí láàárọ̀, wọ́n lè ní òtútù ni, tàbí pé hítà plọ́ọ̀gì ẹ̀, èyí tó ń mú inú sìlíńdà móoru kó tó tan, ló kú. Ní Ìjẹ̀bú níbí, òtútù wo? Àní nínú ọyẹ́, omi inú garawa wa kì í dì. Ọkọ̀ tó bá ní kí ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó dáhùn, ó ti rẹ ẹ́ńjìnì ẹ̀, tàbí kí nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà ti bàjẹ́, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa wọ páìpù epo ẹ̀. Ìkẹta yẹn nìkan ni kì í gbowó.

Kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn wo èéfín tí ẹ bá ń tan án. Funfun díẹ̀ tó pòórá kí ìṣẹ́jú kan tó pé kì í ṣe nǹkan kan. Tó bá ń bá a lọ, tó ń ta ojú, dísù tí kò jóná tán ni. Aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jẹ. Dúdú kíjikíji nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó lè jẹ́ asẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ó sì lè jẹ́ tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí ẹ gbóòórùn dídùn nínú èéfín funfun kí ẹ fi mọ̀ pé omi ràdíétọ̀ ń wọ sìlíńdà. Kúlántì, omi ràdíétọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike, ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ni púpọ̀ nínú wa ń rọ síbẹ̀, kì í rùn. Ẹ ṣí ràdíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n wá tan ẹ́ńjìnì: tí omi bá ń hó putuputu bí ìgbà tí ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ife, gáàsíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnì ti lọ tàbí kí irin orí ẹ́ńjìnì ti sán. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rí i pé ọ́ìlì dúdú, wọ́n á figbe ta. Ọ́ìlì dísù a máa dúdú kí ọ̀sẹ̀ tó yípo lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀, nítorí ó ń fọ èérí kúrò nínú ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ́ìlì tó mọ́ roro bí oyin lára ọkọ̀ tó ti rin 200,000 kìlómítà. Ta ló pààrọ̀ ẹ̀ lánàá, kí ló sì wà nínú èyí tí wọ́n dà nù? Tó bá wá rí bíi tíì onímílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kí ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ lórí ihò náà láì dè é. Tó bá ń gbọ̀n díẹ̀, kò burú. Tó bá fò dànù, tí èéfín ń tú jáde fù, fù, fù bí ìkòkò ìrẹsì, èéfín inú sìlíńdà ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Títú ẹ́ńjìnì palẹ̀ ló kàn.

Èmi náà ti fara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ojú mi ò tíì là tó báyìí, mo ra Hilux D-4D kan lọ́wọ́ ẹnìkan ní Èkó, ẹ́ńjìnì 3.0 tí wọ́n ń pè ní 1KD. Ó ń tan dáadáa, kò rú èéfín. Ní oṣù kejì, mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo ku díẹ̀ kí n dé Ògèrè, iná ọ́ìlì pupa tàn. Kí n tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ń lù gbà-gbà-gbà láàárín àwọn tírélà. Nígbà tí mo já agbada ọ́ìlì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì sókè ti dí fọ́nfọ́n pẹ̀lú èédú. Wáṣà bàbà kékeré tó wà lábẹ́ nọ́súlù ló ń jò. Iná ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sá jáde, ó ń sun ọ́ìlì di èédú, èédú ń lọ bá asẹ́ nísàlẹ̀. Wáṣà tí owó ẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ló pa odindi ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì 2.5 tí wọ́n ń pè ní 2KD náà ní àrùn yìí. Ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ó tó fi kó ẹrù kankan, kí ó pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì já agbada ọ́ìlì wo asẹ́ yẹn.

Ohun tí ọkọ̀ náà ti ń mu ni mo máa ń wò lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ́ńjìnì dísù ayé ìsinsìnyí ń fi agbára tó lé ní bar 1,000 fọ́n epo. Afẹ́fẹ́ inú táyà yín kì í sábà ju bar 2 sí 3 lọ. Àlàfo tó wà láàárín àwọn irin inú nọ́súlù kéré ju irun orí lọ jìnnà, dísù fúnra ẹ̀ ló sì ń bá wọn ṣe ọ̀rá kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ẹni tó bá rọ dísù tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú, ọ̀rá yẹn ti dín nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi dírọ́ọ̀mù gbé lọ sí oko, tí òjò ti rọ̀ sí, tún burú jù. Ẹ wá asẹ́ epo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀, ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò omi tó mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí omi bá wà níbẹ̀, á lọ jókòó sísàlẹ̀, dísù á léfòó lórí ẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó pààlà láàárín wọn. Èérí tó pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìpẹtà inú táǹkì ni.

Tí ọkọ̀ bá la èyí kọjá, mẹkáníìkì tó mọ dísù lè so rọ́bà mẹ́rin mọ́ ibi tí epo àpọ̀jù ti ń padà láti ara nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ki ẹnu wọn bọ ìgò mẹ́rin, kó tan ẹ́ńjìnì. Ìgò tó bá yára kún ju àwọn yòókù lọ, nọ́súlù tirẹ̀ ló ti jẹ. Tọ́kántọkàn ni mo fi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí, torí oníbàárà fúnra ẹ̀ ń fojú rí i, kò sí pé mẹkáníìkì fẹ́ jẹun.

Ọ̀rọ̀ ibi tó ti wá ńkọ́? Pẹtiróòlù ni èyí tó pọ̀ jù nínú píkọ́ọ̀pù kékeré tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Onídísù sábà ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní stíárìn lápá ọ̀tún. Àwa ti kúrò ní apá òsì títì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà wọ́n á gé e, wọ́n á gbé stíárìn sápá kejì. Ẹ wo wápà ojú gíláàsì: tó bá jẹ́ iwájú ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń nù dáadáa jù, wọ́n ti gbé e. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lára irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀. Emi ò ní í ra irú ẹ̀ láéláé, torí stíárìn àti bíréèkì kì í ṣe ibi àfọwọ́rọ́. Wọ́n tún ń da iyọ̀ sójú títì lọ́hùn-ún nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ ṣáàsì láti inú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn píkọ́ọ̀pù Nissan Navara kan ti ṣẹ́ sí méjì nídìí kábíìnì. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dáa á dún kàn-án. Èyí tó bá dún pọ́ọ̀ bí igi jíjẹrà, ẹ jáde kúrò lábẹ́ ẹ̀ ná.

Èyí tó ti ṣiṣẹ́ nílé náà ní àmì tirẹ̀. Tí ewé sípíríìngì ẹ̀yìn bá ju ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lọ, ẹrù wúwo ló ti ń gbé. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló ti wá, ẹ ki ìka bọ páìpù afẹ́fẹ́ ní ẹ̀yìn asẹ́, kí ẹ nù ún. Ọ̀rá díẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Iyanrìn tó ń ha ìka, ẹ́ńjìnì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ní ti ìwé, nọ́ńbà ṣáàsì ni kí ẹ wò. Ti Hilux wà lára irin ṣáàsì fúnra ẹ̀, lápá ọ̀tún níwájú. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Èwo wá ni kí ènìyàn rà? Fún ẹni tó ń wọ oko, Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnì 3L tàbí 5L ni mo fẹ́ràn. Kò yára, á máa rọra gun òkè, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí nọ́súlù ẹ̀. 1KD, 2KD àti ẹ́ńjìnì 4D56 ti Mitsubishi L200, bẹ́líìtì ló ń yí inú wọn, kì í ṣe ṣéènì. Tó bá já, písítìnì lè pàdé fáfù. Ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Hilux tó ní ẹ́ńjìnì GD, èyí tó jáde láti 2015, ní ṣéènì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ti Yúróòpù wá ní asẹ́ èéfín lára sàlẹ́ńsà. Asẹ́ yẹn fẹ́ dísù tí kò ní ìmí-ọjọ́ púpọ̀, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ sáré gígùn kí ó tó lè jó ẹ̀gbin inú ẹ̀ dànù. Ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀nà oko kò ní í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn kan tún ń mu AdBlue, omi kan tí wọ́n fi ń wẹ èéfín mọ́. Ẹ wádìí ibi tí ẹ ó ti máa rí i rà kí ẹ tó sanwó.

Tó bá sì jẹ́ àárín Ìjẹ̀bú-Òde nìkan lẹ ó máa rìn, tí ẹ kàn fẹ́ gbé píkọ́ọ̀pù lọ wo Ojúde Ọba, ẹ ra onípẹtiróòlù. Dísù kì í fẹ́ ìrìn kúkúrú, kì í gbóná tó.

Láago márùn-ún ààbọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnì tutù. Ọ̀gbẹ́ni yẹn yí kọ́kọ́rọ́, kò tan. Ó tún un yí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ikọ́ dáhùn, èéfín funfun bo gbogbo ọgbà, àwọn ewúrẹ́ tó sùn lẹ́bàá ògiri dìde sá. Ó ní, "Epo tí wọ́n tà fún mi ni kò dáa, ẹ̀gbọ́n." Mo gba dísù ẹ̀ sínú ìgò, a jókòó wò ó. Ó mọ́, kò sí omi kankan níbẹ̀. Alhaja kò bi mí ní ìbéèrè kan, ó ti ń wá báàgì ẹ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó da ohun tó wà nínú ẹ̀ padà fún onítọ̀hún, ó sì gbé ìgò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jí? Mo ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó tutù."